Ẹ̀kọ́ Iyàn ní Ṣómólú

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Pàá Mákánjúọlá fi to lẹ́tà òjé,
ó ń to Gẹ̀ẹ́sì ní ìdorí-kodò,
bí ẹni ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí:
ìwé ìpè ìgbéyàwó, káàdì ìsìnkú,
rìsíìtì ilé ìwòsàn, ìbéèrè ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ.
Gbogbo rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.
Kò sí èyí tó gba ẹnu rẹ̀.

Ó di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kó tó kan ilẹ̀kùn mi
lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè ilé búrẹ́dì,
ìwé tuntun lábẹ́ abíyá,
bírò méjì, bóyá ọ̀kan lè kú.
Ó ní, "Tísà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.
Bí wọ́n ṣe ń fèsì ni mo wá kọ́."
Àbíkẹ́yìn rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta jù mí.

Mo ní, "Iyàn la máa fi bẹ̀rẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín: "Iyán lèmi mọ̀."

Ọ̀rọ̀ kọ́ ló wọ́n wa.
Kò kàn lè sọ fún mi pé irọ́ ni mo pa ni.
Mo ní Apápá loòrùn ti ń yọ.
"Yẹ́ẹ̀sì, tísà."
Mo ní kò sí ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ní Ṣómólú.
"Yẹ́ẹ̀sì, tísà," ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.
Èmi náà, bí mo bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ rẹ̀ nírọ́,
orúnkún mi á ti fẹ́ kanlẹ̀.
Àpọ́nlé kún inú yàrá bí èéfín ààrò ìsàlẹ̀,
a ò rí ara wa.

Ìgbà tó yá, a dá a báyìí:
ó mú rúlà irin tó fi ń wọn ìlà láyé iṣẹ́ rẹ̀ wá.
Bí rúlà bá ti wà lórí tábìlì,
ọjọ́ orí ti jáde, ó ń dúró dè wá ní kọ́rídọ̀.

Mo kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ mi sọ,
kó sọ ọ́ dáa ju bí mo ti sọ ọ́ lọ,
kó tó ní "ṣùgbọ́n".
Ó ní, "Ìwé àyẹ̀wò nìyẹn. Oníṣẹ́ á rí i ná."
Òwe ló ń fi ti ilẹ̀kùn.
Mo ní, "Òwe ti tán. Ìdí rẹ̀ dà?"
Ó wò mí. Ó wo rúlà.
"Bíkọ́ọ̀sì..."
Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí egungun ẹja.

Nínú oṣù kẹrin mo gbé kókó kalẹ̀:
Ó yẹ kí á ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́.
Mo mọ̀ pé ọ̀kan ń dógùn-ún lẹ́yìnkùlé rẹ̀,
tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn.
Mo ní kó gbè sẹ́yìn títà. Èmi á gbèjà ẹ̀rọ.

Ó dìde. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láìpa òwe kan,
ó ní ẹ̀rọ náà ń jẹ àyè.
Ó ní òjé rẹ̀ ti wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì tí òun mọ̀.
Ó ní ìrántí tó nílò irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀
kó tó lè dúró, ṣé ìrántí nìyẹn?
Mo ń kólòlò. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ràn rẹ̀."
"Ìyẹn kì í ṣe ìdí, tísà. Mi ò gbà."
Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo máa pa á fún.

Lọ́jọ́ Sátidé mo yà sílé rẹ̀.
Àyè onígun mẹ́rin ló kù, epo dúdú lórí sìmẹ́ńtì,
adìẹ kan dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀.
Mo bi í ní Yorùbá: "Pàá, ta ló jàre?"
Ó yọ lẹ́tà òjé kan nínú àpò,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi dun mí.
Mo wò ó. Àpá rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ṣeé kà.

Ó ní, "Ẹ gbé rúlà wá ná."